Kemp wọlé, Walker ò wọlé: ẹ là mí lọ́yẹ lórí ìbò Georgia ti 2022

Ìbéèrè láti Òṣogbo:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó wà lókè òkun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ. Èsì ìdìbò àárín sáà tí wọ́n dì ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 8 oṣù November 2022 ni mò ń kà, kò sì yé mi rárá. Ọjọ́ kan náà, ìwé ìbò kan náà, àwọn olùdìbò kan náà. Brian Kemp ti ẹgbẹ́ Republican fi ìbò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300,000 fẹ̀yìn Stacey Abrams ti ẹgbẹ́ Democrat balẹ̀ nínú ìdíje gómìnà. Ṣùgbọ́n Herschel Walker tí òun àti Kemp jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà kò rọ́wọ́ mú níwájú Raphael Warnock, Democrat bíi ti Abrams, nínú ìdíje sẹ́nétọ̀. Warnock ṣáájú, síbẹ̀ wọ́n ní kò tíì wọlé, àfi kí wọ́n tún ìbò dì. Tó bá jẹ́ ilé níbí ni, a ò bá ti pariwo pé "inconclusive" ti dé, bí wọ́n ṣe ṣe fún wa l'Ọ́ṣun ní 2018. Ṣé kì í ṣe màgòmágó nìyẹn? Ẹ má wulẹ̀ gbèjà òyìnbó fún mi o.

* * *

Àbúrò, mi ò ní gbèjà ẹnikẹ́ni. Káúńtì Gwinnett, lẹ́bàá Atlanta, ni mò ń gbé. Mo dìbò lọ́dún yẹn, mo sì ti bá wọn ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìdìbò rí. Kò sí màgòmágó nínú ohun tó o rí yẹn. Àwọn olùdìbò ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀.

Wo òǹkà yìí ná. Nínú ìdíje gómìnà, Kemp ní 2,111,572, Abrams ní 1,813,673. Nínú ti sẹ́nétọ̀, Warnock ní 1,946,117, Walker ní 1,908,442, Chase Oliver ti ẹgbẹ́ Libertarian sì ní 81,365. Fi Abrams sílẹ̀ ná, Kemp àti Walker ni kó o fi wéra. Ìbò tí Kemp fi ju Walker lọ lé ní 203,000. Tún wá fi Warnock wé Abrams: Warnock fi ohun tó lé ní 132,000 jù ú lọ. Inú àlàfo méjèèjì yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Àwọn kan yan Warnock sí sẹ́nétọ̀, wọ́n sún wálẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì yan Kemp sí gómìnà. Àwọn kan yan Kemp, wọ́n fo ti sẹ́nétọ̀ kọjá, tàbí kí wọ́n gbé e fún Oliver kí wọ́n má baà yan èyíkéyìí nínú àwọn méjì tó kù.

Ohun kan tún wà tí ẹni tó ń dìbò nílé lè má fura sí. Lórí ìwé ìbò INEC, àmì ẹgbẹ́ là ń tẹ̀ka sí, orúkọ olùdíje kò sí níbẹ̀. Níbí, orúkọ èèyàn ló hàn gedegbe, orúkọ ẹgbẹ́ kàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni. Georgia kò sì fún ọ láyè láti tẹ ẹgbẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó kárí gbogbo ipò. Ipò kọ̀ọ̀kan lo máa yàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, látorí sẹ́nétọ̀ dórí kọmíṣọ́nnà ètò ọ̀gbìn. Bó o bá ṣe ń kan orúkọ kọ̀ọ̀kan ni wàá máa rántí ohun tí onítọ̀hún ṣe.

* * *

Ẹnì kan ti kọ ọ́ pé àwọ̀ ara Walker ló ṣe é, pé àwọn òyìnbó Republican ò lè dìbò fún èèyàn dúdú. Èmi ò gbà. Èèyàn dúdú ni Warnock náà, òun sì ni pásítọ̀ ìjọ Ebenezer Baptist tí Martin Luther King ti wàásù. Ẹni tó bá sá fún Walker nítorí àwọ̀ rẹ̀, ṣé ọ̀dọ̀ Warnock ló máa sá lọ?

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí èsì 2022, 2020 ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún yẹn Biden fi ìbò 11,779 péré na Trump ní Georgia. Wọ́n fi ọwọ́ ka ìbò náà, wọ́n tún fi ẹ̀rọ kà á, Biden náà ni. Ní ọjọ́ 2 oṣù January 2021, Trump pe Brad Raffensperger lórí fóònù. Raffensperger ni Akọ̀wé Ìpínlẹ̀, òun ló ń bójú tó ètò ìbò níbẹ̀, Republican sì ni. Trump ní kó bá òun wá ìbò 11,780. Raffensperger kọ̀ jálẹ̀. Kemp náà fọwọ́ sí èsì náà. Inú bí Trump débi pé ó fa David Perdue, tó ti jẹ́ sẹ́nétọ̀ rí, kalẹ̀ láti gba ipò lọ́wọ́ Kemp nínú ìdìbò abẹ́nú ẹgbẹ́ ní ọjọ́ 24 oṣù May 2022. Kí ló ṣẹlẹ̀? Kemp kó ohun tó lé ní ìdá 73 nínú ọgọ́rùn-ún, Perdue ò dé 22. Lọ́jọ́ kan náà, Raffensperger na Jody Hice tí Trump tì lẹ́yìn. Nígbà tó wá di November, ó na Bee Nguyen ti ẹgbẹ́ Democrat.

Àwọn Republican ìhà Cobb àti àríwá Fulton, lágbègbè Atlanta, ti sọ tẹnu wọn ní May nìyẹn: àwọn fẹ́ ẹgbẹ́ àwọn, ṣùgbọ́n àwọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa pàṣẹ fún àwọn lórí ìbò tí wọ́n ti kà. Walker sì rèé, Trump ló fà á kalẹ̀. Akọni eré bọ́ọ̀lù ti Amẹ́ríkà (American football) ni ní Yunifásítì Georgia, ó gba Heisman, àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù yunifásítì tó dáa jù, ní 1982, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n níbí. Ṣùgbọ́n Texas ló ti ń gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ìpolongo gbóná, obìnrin méjì jáde wá sọ pé ó ní kí àwọn ṣẹ́yún, òun tó ń sọ pé kí òfin de oyún ṣíṣẹ́. Ó ní irọ́ ni wọ́n ń pa. Ẹni tó gbà á gbọ́ gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni kò gbà á gbọ́.

Ọkùnrin òyìnbó kan wà tí a jọ ń ṣiṣẹ́, Republican paraku ni. Ó sọ fún mi pé òun ti dìbò fún Kemp, inú òun sì dùn. Mo bi í pé Walker ńkọ́? Ó kàn mirí ni. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ pọ̀. Geoff Duncan tó jẹ́ igbákejì gómìnà nígbà náà, Republican tòun náà, sọ ọ́ ní gbangba nígbà àtúndì ìbò pé òun tò sórí ìlà fún nǹkan bíi wákàtí kan, òun wo ìwé ìbò, òun ò rí ẹni tí òun lè yàn nínú àwọn méjèèjì, òun bá jáde láìyan ẹnikẹ́ni. Igbákejì gómìnà lẹ ń gbọ́ yẹn o!

* * *

Ó dáa, ká wá sórí "inconclusive" tí àbúrò wa mẹ́nu bà. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dun àwọn ará Ọ̀ṣun, mi ò sì ní fojú kékeré wò ó. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì tó yàtọ̀ síra pátápátá ni.

L'Ọ́ṣun ní September 2018, Adeleke ní 254,698, Oyetola ní 254,345. Òfin wa ò béèrè pé kí gómìnà ní ju ìdajì ìbò lọ. Kó ní ìbò tó pọ̀ jù, kó sì ní ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìjọba ìbílẹ̀, ó parí. Ohun tí INEC sọ ni pé wọ́n fagi lé ìbò ní ibùdó méje, pé iye àwọn tó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ ju 353 tí Adeleke fi ṣáájú lọ. Wọ́n padà síbẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù September, Oyetola sì fi 482 borí. Ibùdó méje péré ló yí gbogbo ìpínlẹ̀ padà. Ìyẹn ló ń dun èèyàn.

Ní Georgia, kò sí ibùdó tí wọ́n fagi lé ìbò rẹ̀. Gbogbo ìbò ni wọ́n kà. Òfin wọn ló sọ pé ẹni tó máa wọlé ní November gbọ́dọ̀ ní ju ìdajì lọ. Warnock ní ìdá 49.4, Walker 48.5, Oliver 2.1. Kò sẹ́ni tó dé ìdajì, torí náà àwọn méjì àkọ́kọ́ máa padà pàdé, gbogbo káúńtì 159 ló sì máa tún ìbò dì. Kó tó di pé ẹnikẹ́ni mọ ẹni tó máa ṣáájú ni òfin ti wà nílẹ̀. Ti Kemp kò nílò àtúndì torí ó ti kọjá 53.

Mi ò wá sọ pé òfin náà mọ́ o. Ní 1963, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà fagi lé ètò àtijọ́ kan ní Georgia tó ń jẹ́ kí ìbò àwọn káúńtì oko kéékèèké wúwo ju ti ìlú ńlá lọ. Ìgbà yẹn ni aṣòfin kan tó ń jẹ́ Denmark Groover bẹ̀rẹ̀ sí í ti òfin pé olúborí gbọ́dọ̀ ní ju ìdajì lọ, ó sì di òfin ní 1964. Groover fúnra rẹ̀ gbà nígbà tó yá pé òun kórìíra àwọn èèyàn dúdú nígbà náà. Wọn ò fẹ́ kí àwọn òyìnbó pín ìbò wọn sí ọ̀nà mẹ́ta kí olùdíje tí àwọn èèyàn dúdú fẹ́ wá gbabẹ̀ wọlé. Abẹ́ òfin yẹn ni Warnock ti jagun lẹ́ẹ̀mejì: January 2021 níwájú Kelly Loeffler ti ẹgbẹ́ Republican, àti December 2022 níwájú Walker. Láìka ìdìbò abẹ́nú ẹgbẹ́, orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ìbò lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín ọdún méjì àti díẹ̀. Ìdá 49.4 yẹn ì bá ti tó láti wọlé láwọn ìpínlẹ̀ tó pọ̀ jù ní Amẹ́ríkà. Lójú tèmi, ó yẹ kí wọ́n pa òfin náà rẹ́. Owó ńlá ló ń ná, ó sì ń tán àwọn òṣìṣẹ́ ibùdó ìdìbò lókun.

* * *

Ẹ̀gbọ́n kan láti Ìbàdàn ní kò sóhun tó jọ kéèyàn yan ẹgbẹ́ kan síhìn-ín kó yan òmíràn sọ́hùn-ún, pé ìbò tí wọ́n bá dì báyẹn kò ní láárí. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, ẹ̀yin gan-an ti ṣe é rí! Ní February 2023, Tinubu ti APC ló ní ìbò jù ní Ọ̀yọ́, 449,884, APC sì gba ìjókòó sẹ́nétọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò pé oṣù kan, Mákindé ti PDP kó 563,756 nígbà tí Fọlárìn ti APC ní 256,685. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ dìbò, torí náà a lè máa jiyàn pé bóyá àwọn tó jáde lọ́jọ́ kejì kọ́ ló jáde lọ́jọ́ kìíní. Ti Georgia kò ní àríyànjiyàn yẹn nínú. Ìwé kan náà ni.

* * *

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé wọ́n ja Abrams lólè ní 2022, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Ní 2018, Kemp tó ń díje fún gómìnà náà ni Akọ̀wé Ìpínlẹ̀ tó ń darí ìbò, àfìgbà tí ìdìbò parí ló kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ó ní 1,978,408, Abrams ní 1,923,685, ìyàtọ̀ wọn ò pé 55,000. Ìwà yẹn kò dáa, mo sọ ọ́ nígbà náà, mo ṣì ń sọ ọ́. Bí adarí ìdíje bá wà nínú ìdíje, kò sí bí ọkàn ẹni tó pàdánù ṣe fẹ́ balẹ̀. Abrams kọ̀ láti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ìbò náà tọ́. Ṣùgbọ́n 2022 yàtọ̀. Ìbò rẹ̀ fi 110,000 dín sí ti 2018, ti Kemp sì fi 133,000 lé sí i. Alẹ́ ọjọ́ ìdìbò náà ló ti gbà pé Kemp ló borí. Ọjà wọ́n lọ́dún yẹn, epo rọ̀bì wọ́n, Biden ló sì wà lórí àléfà. Ìdìbò àárín sáà kì í sábà dáa fún ẹgbẹ́ ààrẹ. Kemp náà gbọ́n: ó dá owó orí epo ọkọ̀ dúró fún oṣù bíi mélòó kan, àwọn awakọ̀ sì rí i nínú àpò wọn.

Òfin ìbò Georgia tó ń jẹ́ SB 202 tí wọ́n ṣe ní March 2021 ni àwọn kan máa ń dì mú. Òfin náà le o. Ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ fi lẹ́tà dìbò kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀, ó dín àpótí ìjùwé-ìbò-sí kù, ó fòfin de fífún àwọn tó wà lórí ìlà lómi àti oúnjẹ nítòsí ibùdó. Àwọn tó ṣe òfin ń sọ pé ẹ wò ó, ọ̀pọ̀ èèyàn ló jáde dìbò ṣáájú ọjọ́, ó ju mílíọ̀nù méjì lọ, a jẹ́ pé òfin wa ò pa ẹnikẹ́ni lára. Ìyẹn náà kì í ṣe àlàyé. Ẹni tó dúró fún wákàtí mẹ́ta kó tó dìbò, ó dìbò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ ti fìyà jẹ ẹ́. Ibi tí òfin náà ti dun àwọn èèyàn jù ni àtúndì ìbò. Tẹ́lẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ló máa ń wà láàárín ìdìbò àti àtúndì. Wọ́n gé e sí mẹ́rin. Ọjọ́ 7 oṣù November ni ìforúkọsílẹ̀ fún àtúndì parí, ìyẹn ọjọ́ kan ṣáájú ìdìbò àkọ́kọ́! Kò tiẹ̀ sẹ́ni tó tíì mọ̀ pé àtúndì máa wà.

Ìjọba ìpínlẹ̀ tún ní kò gbọdọ̀ sí ìdìbò ní Saturday, ọjọ́ 26 oṣù November, torí ọlidé ìdúpẹ́ (Thanksgiving) bọ́ sí tòsí rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ Warnock gbé e lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ sì ní kí káúńtì tó bá fẹ́ ṣílẹ̀kùn. Fulton àti DeKalb ṣí. Nígbà tó di Monday, ọjọ́ 28, àwọn tó dìbò lọ́jọ́ kan ṣoṣo yẹn lé ní 300,000 káàkiri ìpínlẹ̀.

Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ ló pààrọ̀ ìbò, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń lọ ní 2022. O wọlé, o fún wọn ní láìsẹ́nsì ọkọ̀ rẹ, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n fún ọ ní káàdì pẹlẹbẹ kan. O ki káàdì bọ ẹ̀rọ, o fi ìka yan orúkọ lójú rẹ̀ títí dópin, ìwé á sì jáde. Àmì dúdú-funfun tí ẹ̀rọ ń kà wà lórí ìwé náà, orúkọ gbogbo ẹni tó o yàn sì wà níbẹ̀ tó o lè fojú ara rẹ kà. Ẹ máa kà á o! Ọ̀pọ̀ ni mo rí tó jẹ́ pé wọ́n á kàn já ìwé gbà, wọ́n á sì máa sáré lọ. Lẹ́yìn náà lo máa fi ìwé bọ ẹ̀rọ ìkàbò, òǹkà ojú rẹ̀ á fi ẹyọ kan gòkè, ìwé á já sínú àpótí tí wọ́n tì pa. Lálẹ́, ẹ̀rọ á tẹ èsì sórí bébà gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ bíi rìsíìtì ọjà. A máa fọwọ́ sí i, a sì máa lẹ ọ̀kan mọ́ ilẹ̀kùn kí ẹni tó ń kọjá lọ lè kà á. Bí wọ́n bá yí òǹkà padà lókè, ti ẹnu ilẹ̀kùn máa takò wọ́n, ìwé inú àpótí náà máa takò wọ́n.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀, torí gbogbo wa gbájú mọ́ Kemp àti Warnock, a ò sì sọ ti àwọn ọmọ wa. Ìdìbò yẹn náà ló gbé Ṣẹ́gun Adéyínà, Solomon Adéṣànyà àti Phil Ọláléye wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Georgia, pẹ̀lú Gabe Okoye tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà bíi tiwa. Democrat ni gbogbo wọn. Lẹ́yìn ìdìbò yẹn, Republican ló ṣì ní ìjókòó tó pọ̀ jù, 101 sí 79, torí náà kò rọrùn fún wọn láti sọ àbá di òfin. Síbẹ̀, inú mi dùn gan-an nígbà tí mo rí orúkọ Yorùbá nínú èsì.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé gbọ́ dáadáa. Green card kò fún yín láṣẹ láti dìbò. Tẹ́ ẹ bá lọ gba láìsẹ́nsì ọkọ̀ ní Georgia, ètò ibẹ̀ máa ń forúkọ ọmọ onílùú sílẹ̀ fún ìbò àfi tó bá sọ pé òun ò fẹ́. Ẹ ka fọ́ọ̀mù náà dáadáa. Ẹ má ṣe fọwọ́ sí i pé ọmọ Amẹ́ríkà ni yín tí ẹ ò bá tíì búra. Ó lè ba ìwé ìjẹ́-ọmọ-ìlú tẹ́ ẹ ń retí jẹ́, ó sì lè mú kí wọ́n dá yín padà sílé. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí níbi òde pé kò sí wàhálà níbẹ̀, ẹ má dá a lóhùn.

* * *

Àbúrò Òṣogbo tún béèrè pé báwo ni àtúndì náà ṣe wá rí, ṣé àwọn tó dìbò fún Oliver ló sáré lọ bá Warnock?

Rárá o, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í kà. Ní ọjọ́ 6 oṣù December, Warnock ní 1,820,633, Walker ní 1,721,244. Fi wé ti November: ìbò Warnock dín, ti Walker náà dín. Ti Warnock fi nǹkan bíi 125,000 dín, ti Walker fi 187,000 dín. Àwọn tó padà wá fún Warnock ló pọ̀ ju àwọn tó padà wá fún Walker lọ, ohun tó gbé e wọlé nìyẹn. Ní November, Kemp wà lórí ìwé, ẹni tó jáde tìtorí Kemp ń yan Walker náà kọjá lọ. Ní December, Walker nìkan ló kù. Kemp jáde wá bá a polongo, ó tiẹ̀ yá a ní àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kan ilẹ̀kùn kiri, àmọ́ kò ràn án tó. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kó tó di ọjọ́ àtúndì, àwọn Democrat ti ní 50 nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, igbákejì ààrẹ sì lè fi ìbò tirẹ̀ kún un. Ọ̀pọ̀ Republican ti gbà pé agbára ilé náà ti bọ́. Ìjókòó Warnock ló sọ ọ́ di 51, ọdún mẹ́fà gbáko ló sì gbà.

O ní kí n sọ bóyá Kemp lè tún fa ẹlòmíràn lọ́wọ́ gòkè báyẹn. Kò ní sí lórí ìwé ìbò gómìnà ti 2026. Òfin Georgia ò gba gómìnà láyè ju sáà méjì léra lọ, ó sì ti lo méjèèjì. Ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá fà kalẹ̀ máa ní láti wá ìbò tirẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ará Cobb àti àríwá Fulton yẹn fúnra rẹ̀.